Ìjàpá Fẹ́ Kó Odò Ọya Níjàánu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ sórí ọba, kò balẹ̀ sórí ìjòyè, orí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo ni ó balẹ̀ sí, nígbà tí ó ní òun yóò fi ìjánu sí Odò Ọya lẹ́nu ní èbúté Lọ́kọ́já.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Pàtì rí yóò mọ ibi tí mo ń wí. Bí o bá dúró lórí òkè náà tí o wo ìsàlẹ̀, wàá rí odò méjì tó pàdé: Ọya tó ti ilẹ̀ Gíní ṣàn wá, àti Bẹ́núé tó ti Kamẹrúùnù bọ̀. Wọ́n pàdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè dà pọ̀. Àwọ̀ wọn yàtọ̀. Wọ́n á jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ bí orogún méjì tó ń ti ọjà bọ̀. Létí omi yẹn ni àwọn ẹranko ti ń ná ọjà tiwọn kí Tápà àti Ìgbìrà, Ígálà àti Bàsà, Haúsá àti àwa ọmọ Yorùbá tó wá pa ìsọ̀ síbẹ̀.

Ètò ọjà náà kò le. Bí òjò oṣù kẹjọ bá ti rọ̀ dáadáa, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Kó tó di ìparí oṣù kẹsàn-án, ó ti kún dé ẹnu. Àwọn ẹranko á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n á lọ jókòó sí ìdí òkè. Bí oṣù kọkànlá bá dé, omi á fà, á fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá gbin ẹ̀wà àti àgbàdo sínú rẹ̀. Bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe é nìyẹn. Kò sí ẹni tó pè é ní ìyà, kò sì sí ẹni tó pè é ní ọgbọ́n.

Àfi ọdún 2012. Omi tó wá lọ́dún náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, ọ̀pá tí àwọn èèyàn fi ń wọn odò ní Lọ́kọ́já ka mítà 12.84. Àdúgbò Adánkólo rì, àdúgbò Gánájà rì, títì tó lọ sí Àbújá wọ inú omi, ọkọ̀ ojú omi wá ń ná ibi tí mọ́tò ń gbà. Jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Erinmi wẹ̀ kọjá níwájú ilé epo kan, ó ń béèrè ọ̀nà odò lọ́wọ́ ewúrẹ́.

Nígbà tí omi fà, Erinmi tí í ṣe ọba wọn pe ìpàdé. Ìjàpá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí síwá, mo ti wò ó sẹ́yìn. Àwa kọ́ la ṣẹ̀. Ọdọọdún ni à ń ru ẹrù gun òkè, ọdọọdún ni à ń ru ú sọ̀ kalẹ̀. Ta ló ń dà wá láàmú? Odò ni! Ẹṣin tó ń ta ènìyàn nípàá ńkọ́, ṣé a kì í fi ìjánu sí i lẹ́nu? Ẹ jẹ́ ká fi ìjánu sí Ọya lẹ́nu kí àwa náà sinmi.”

Àtẹ́wọ́ ró wàà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní “àwa kọ́ la ṣẹ̀” nínú kì í pẹ́ kó tó wọ ará ìlú létí.

Bàbá Igún tó ti pá lórí tún ọ̀fun ṣe. Ó ní òun kò ní àbá kankan, ìtàn oúnjẹ ìdílé òun ni òun fẹ́ sọ.

“Ní ọdún 1841,” ni ó wí, “bàbá-bàbá mi kò fi ebi sùn rárá ní àgbègbè yìí. Àwọn òyìnbó kó ọkọ̀ mẹ́ta wá láti ìlú wọn, Àjàyí Crowther sì wà láàárín àwọn tó bá wọn wá. Wọ́n ti gbọ́ pé afẹ́fẹ́ odò yìí ní ń pa àwọn. Wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ ńlá sínú ọkọ̀, tí yóò máa sẹ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ yàrá tí wọ́n ń sùn. Wọ́n fẹ́ wẹ afẹ́fẹ́ Ọya mọ́! Ibà kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Òyìnbó tó kú lé ní 40. Oko tí wọ́n dá síhìn-ín pé kí gbogbo ayé wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kò pé ọdún kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó.”

Ọ̀bọ béèrè pé, “Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?”

“Ibà kò mú ẹ̀rọ.” Igún pa ìyẹ́ pọ̀. “Ọdún 1854 ni ìyà tó wá jẹ wá. Òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Baikie ló kó ọkọ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí, Crowther sì tún bá a wá. Baikie kò bá afẹ́fẹ́ fa wàhálà. Ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuiníìn mu déédéé, wọ́n ń fajú ro, wọ́n ń gbé e mì. Wọ́n gba ibí yìí wọ Bẹ́núé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo oṣù mẹ́rin lórí omi, gbogbo wọn ló sì padà lóòyẹ̀. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi lọ́dún náà. Láti ìgbà náà ni a kò ti fẹ́ràn ẹni tó bá lè gbé ohun kíkorò mì fúnra rẹ̀.”

Ìjàpá fò sókè. “Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà! Ẹ̀rọ wọn ló kéré!”

Bí wọ́n ṣe fi Ìjàpá ṣe Alága Ìgbìmọ̀ Ìjánu Odò nìyẹn. Wọ́n fi ẹnu kò pé tí ìkórè bá dé, ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú agbọ̀n àgbàdo kan wá. Wọ́n á fi apá kan ra okùn ìjánu, wọ́n á fi ìyókù pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Wọ́n kọ́ àká fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté tuntun tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò tíì parí. Ìjàpá ló mú kọ́kọ́rọ́ àká. Wọ́n ní kí Ọ̀nì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnu rẹ̀.

Alága kò fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó gbé èèkàn kan, ó lọ rì í mọ́ ẹ̀bá odò. Ìjàpá kì í ṣe òmùgọ̀ o: ibi tí omi ọdọọdún kì í dé ni ó ti kan èèkàn náà. Ní ìdájí gbogbo, yóò lọ dúró nídìí rẹ̀, yóò na ọrùn, yóò máa kọrin sí omi, àwọn tó bá ń pọn omi á sì máa gbè é. Ẹ bá mi gbè é:

Ọya, dúró o!
*Ṣàrà, omi ń lọ.*
Èmi Alábahun ló wí.
*Ṣàrà, omi ń lọ.*
Má kọjá èèkàn mi.
*Ṣàrà, omi ń lọ.*
Má fẹsẹ̀ kan ìsọ̀ mi.
*Ṣàrà, omi ń lọ.*
Bí o bá kọjá, ilé ẹjọ́ yá!
*Ṣàrà, omi ń lọ.*

Oṣù kẹsàn-án ọdún kejì dé, omi kún bó ṣe máa ń kún, kò dé ìdí èèkàn. Oṣù kọkànlá dé, omi fà bó ṣe máa ń fà láti ìgbà tí Elédùmarè ti dá a. Ariwo ta ní ìlú. Ìjàpá sọ̀rọ̀, odò gbọ́! Wọ́n pe onílù, wọ́n pe alágbe, wọ́n fi í joyè Akódòníjàánu ti Lọ́kọ́já. Ọ̀kẹ́rẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sára igi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “A kí yín kú oríire.” Àwọn tó wá kí i kò níye, kò sì sí èyí tó wá lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tó di oṣù kejì, ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀, odò ti lọ sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Iyanrìn yọ láàárín omi. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù bọ̀ láti Oníṣà gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó dúró síbẹ̀. Wọ́n sáré lọ bá Akódòníjàánu pé ọjà kò wọlé mọ́.

Ìjàpá wo omi, ó mi orí. “Ẹ má bínú. Mo fún ìjánu le jù díẹ̀.”

Ẹ̀yin tó ń ka àlọ́ yìí, ẹ má fi Ìjàpá ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ìlú tó ń gbé yẹn náà ni olú-iṣẹ́ NIWA wà, àjọ tí òfin ọdún 1997 gbé ọ̀nà omi inú ilẹ̀ wa lé lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìsàlẹ̀ Ọya láti Warri títí dé Báró, 572 kìlómítà, kí ọkọ̀ lè máa rìn tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn. Iyanrìn tí wọ́n gbẹ́ kò bá ẹnì kan ṣe àdéhùn pé òun kò ní padà wá. Èmi kò sọ pé kí a má gbẹ́ odò. Ìsédò náà kò burú. Ní ọdún 1982 ni Kamẹrúùnù parí ìsédò Lágdò lórí Bẹ́núé. Ètò tí a ń gbọ́ ni pé Nàìjíríà yóò kọ́ tirẹ̀ sí Dásìn Haúsá ní ìpínlẹ̀ Adámáwá, kó lè máa gba omi tí Lágdò bá tú sílẹ̀. Lágdò ń tú omi, Dásìn Haúsá ṣì wà lórí ìwé. Bí omi bá sì ti wọlé tọ̀ wá, Kamẹrúùnù ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ. Ìwọ̀nba ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa gan-an ni a kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí àlọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fun ló kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní tí wọ́n kó agbọ̀n wọ àká, Ìjàpá ní òun ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Alága tí kò bá yẹ ẹrù wò, alága wo nìyẹn? Ó gba iwájú Ọ̀nì kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó yẹ ṣiiri àgbàdo kan wò títí ó fi ku kùùkù. Ó ní òun kò ní jẹ òmíràn. Ó di ọwọ́ lé ẹnu. Ọwọ́ náà sì ni ó fi mú ṣiiri kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá ẹni tó fà á. Ó rí i. Àwọn ìyá alákàrà tó ń dáná lẹ́bàá omi ni; òórùn epo wọn ló ń fa ọkàn Alága kúrò lórí iṣẹ́ ìlú. Òfin jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ din àkàrà létí odò mọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí òórùn àkàrà. Ìjàpá jẹ ṣiiri mẹ́ta.

Ó tún ronú. Ọ̀rọ̀ yé e wàyí: Kọ̀ǹkọ̀ ni. Igbe Kọ̀ǹkọ̀ ló ń jí i lóru, ẹni tó bá sì jí lóru, ebi ló máa pa á. Òfin jáde pé kò gbọdọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ tí yóò ké lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Kọ̀ǹkọ̀ ní, “Alàgbà, igbe wa ni a fi ń mọ ibi tí omi dé.” Ìjàpá ní èèkàn ni a fi ń mọ ibi tí omi dé. Ìlú pa lọ́lọ́. Kò jí lóru lóòótọ́, torí kò tilẹ̀ sùn: inú àká ni ó wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tó di pé ó fẹ́ ṣe òfin fún òṣùpá, Yánníbo kò lè dákẹ́ mọ́.

“Olówó orí mi, ẹ dákun, ṣé òṣùpá ló ń jẹun ni?”

“Ìwọ kò mọ ètò ìjọba.”

“Ètò ọ̀fun ni mò ń wí, baálé mi.”

Ìjàpá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méje. Yánníbo ní ìsinmi náà tù ú lára.

Ẹ má rò pé ọ̀fun Yánníbo yàtọ̀ sí tọkọ rẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, òun náà ti se ẹ̀wà irúgbìn jẹ rí, ó sì fi ọdún kan gbáko tọrọ jẹ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá ọ̀fun rẹ̀ ṣe àdéhùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan ni ó fi bẹ̀rẹ̀: yóò gbé e síwájú, yóò mú un mọ́ra títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ tó bá jẹ ẹ́, kò bú ẹ̀wà, kò bú òru, yóò tún ẹ̀kúnwọ́ mìíràn bù. Ó pẹ́ kí ó tó mọ́ ọn lára, kò sì mọ́ ọn lára tán. Bí ó bá ti ń ṣe é, ó ní orin tó ń kọ lábẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbè:

Ọ̀fun mi, dúró o!
*Ṣàrà, itọ́ ń lọ.*
Ẹ̀wà ọ̀la ni mo dì mú.
*Ṣàrà, itọ́ ń lọ.*
Ahọ́n mi, padà sílé.
*Ṣàrà, itọ́ ń lọ.*
Ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ lé jáde.
*Ṣàrà, itọ́ ń lọ.*
A ó jọ jẹ ẹ́ nígbà ìkórè.
*Ṣàrà, itọ́ ń lọ.*

Yánníbo náà ni kò fi ti èèkàn ṣe. Àwọn ẹranko yòókù ti kó ìsọ̀ wọn títí kan ìdí èèkàn, wọn kò gun òkè mọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, Yánníbo á gbé agbọ̀n rẹ̀ lérí, ó di ìdí Òkè Pàtì. Wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín: “Aya Akódòníjàánu ń sá fún odò tí ọkọ rẹ̀ dè!” Yóò kí wọn, yóò máa gun òkè lọ.

Ọ̀nì ló kọ́kọ́ tọ̀ ọ́ wá. Ọ̀nì ní ìṣòro tirẹ̀. Inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, bó bá sì ti ru, ẹnu rẹ̀ á ti pa dé kí làákàyè tó dé. Ó ti gé ìrù Awọ́nrínwọ́n nítorí pé kò kí i dáadáa. Ó ti bu Ewúrẹ́ jẹ létí nítorí pé ó kí i jù. Oníbàárà kò wá sẹ́bàá àká mọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti kó lọ sí odò Kàdúná. Ó ti bẹ Ìjàpá pé kí ó ṣe òfin tí yóò ká àwọn tó ń múnú bí òun lọ́wọ́ kò. Ìjàpá ṣe méjìlá. Inú ṣì ń bí i.

Yánníbo fetí sí i tán, ó ní, “Bàbá Ọ̀nì, ẹ lọ sùn sórí iyanrìn. Ẹ la ẹnu yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ kékeré wọ ibẹ̀. Ẹ má pa á dé.”

“Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?”

“Ẹ lọ ṣe é ná.”

Lọ́jọ́ kìíní, ẹyẹ náà bọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ìdí rẹ̀ kù sáàárín eyín. Lọ́jọ́ kejì kò sí ẹyẹ tó gbà láti wá. Yánníbo fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀ wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, Ọ̀nì ń la ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn kan rí omijé yìí, wọ́n ní ẹ̀tàn ni, wọn kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó yá, ẹyẹ ń wọlé, ó ń jáde, ó ń ṣa ẹran tó há sí i léyín, ẹnu kò mì. Títí di òní, bí o bá rí ọ̀nì lórí iyanrìn tó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, iṣẹ́ náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ara ló fi ń tù. Kí wọ́n máa wí.

Ìròyìn Ọ̀nì dé etí Alága. Inú rẹ̀ dùn, ó ní èyí dára fún ìlú. Òfin jáde: gbogbo ará ìlú yóò máa la ẹnu sílẹ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Kò sí ọkọ̀ tí yóò rìn. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ẹnu pípadé yóò san owó ìtanràn. Eṣinṣin jẹ ànfààní rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tó fi di ọdún 2022. Àwọn tó ń wo ojú òjò ti kìlọ̀ pé omi ọdún náà yóò le. Kọ̀ǹkọ̀ ti rí i pé ihò òun ti ń rin láti ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ń gbé e lọ́fun, ṣùgbọ́n òfin wà. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, omi dé ìdí èèkàn. Ìjàpá sáré jáde, ó na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀:

Ọya, dúró o!
*Ṣàrà, omi ń lọ.*
Ọya, ó tó o!
*Ṣàrà, omi ń lọ.*
Ọya, jẹ́ ká jọ sọ ọ́!
*Ṣàrà, omi ń lọ.*

Omi gbé èèkàn, ó gbé e lọ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́. Ó wọ ìsọ̀, ó wọ ilé, ó wọ títì Àbújá lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́dún yẹn, àwọn èèyàn tí ìkún omi pa ní Nàìjíríà lé ní 600; èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, n kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ẹranko dìde lójú oorun, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń fa ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tí kò ru ẹrù gun òkè láti ọdún mẹ́wàá kò mọ ojú ọ̀nà mọ́. Iná tí Yánníbo dá sí ìdí Òkè Pàtì ni wọ́n tẹ̀ lé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn jókòó sórí òkè, wọ́n ń wo omi. Ọba Erinmi ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀: àgbàdo ọdún mẹ́wàá wà nínú àká. Kò tíì pa ẹnu dé tí àká fi já. Agbọ̀n àkọ́kọ́ jáde, ó ń léfòó bọ̀. Èkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta tẹ̀ lé e. Gbogbo agbọ̀n ìlú tò sórí omi, wọ́n ń jó kọjá níwájú ọba pẹ̀lú ìdérí wọn.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Agbọ̀n tí mo mú wá lọ́dún ìjẹta wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn fi ń dùn mí. Báwo ló ṣe wá ń léfòó?”

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá. Ìjàpá ní, “Ẹ ò rí i bí odò yìí ṣe burú tó? Ó ti jẹ ẹ́!”

Ọ̀nì rọra wọ́ bọ́ sínú omi, ó fi imú ti agbọ̀n kan wá sí èbúté. Okùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta. “Odò jẹ àgbàdo tán,” ni Ọ̀nì wí, “ó wá fi okùn di agbọ̀n padà, Alàgbà?”

“Odò náà gbọ́n.”

Ẹnu Ọ̀nì là. Gbogbo ìlú di etí, wọ́n di ojú. Ìjàpá fa orí wọnú ikarahun. Wọ́n retí kí wọ́n gbọ́ “kíjẹ̀”. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n lajú, ẹnu náà ṣì là, ẹyẹ kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń ṣa eyín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ọ̀nì tó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka agbọ̀n.”

Wọ́n kà á. Kò sí ọ̀kan tó rì.

Ẹ ó rò pé wọn yóò jágbe mọ́ Ìjàpá, wọn yóò sì bọ́ oyè lórí rẹ̀. Lọ́kọ́já ni a wà o. Ọba Erinmi gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án dìde láti wádìí ìwà odò náà láti ọdún 2012, kí wọ́n sì jábọ̀. Wọ́n pe Ìjàpá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pàtàkì, nítorí òun ló mọ odò náà jù. Ìgbìmọ̀ ṣì ń jókòó.

Omi fà ní oṣù kọkànlá. Ẹrẹ̀ dúdú yọ. Kò sí irúgbìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi Yánníbo, ó sì ń wín wọn. Ọ̀nì gba tirẹ̀. Ewúrẹ́ gba tirẹ̀, ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun dì í ní kókó tó le. Lálẹ́, Ìjàpá náà yọ́ dé ẹnu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀.

“Yánníbo aya mi, fún mi ní ẹ̀wà tèmi kí n lọ gbìn.”

Yánníbo bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lọ́wọ́. “Ẹ dì í mú di àárọ̀, olówó orí mi. Bó bá pé lọ́la, ìdajì ohun tó wà nínú agbọ̀n yìí di tiyín.”

“Ìyẹn nìkan? Èmi tí mo kó Ọya níjàánu?” Ìjàpá jókòó, ó di ọwọ́ pọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ ń bá òun wí. Wọ́n tì í. Ó ní kí wọ́n pa fìtílà, iná ń jẹ́ kí òun rí i. Wọ́n pa á. Ó ní kí àwọn ọmọ yí ojú sí ògiri, mímí wọn ń rán òun létí oúnjẹ. Wọ́n yí i. Níta, nínú ẹrẹ̀ tuntun, Kọ̀ǹkọ̀ tí òfin ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àkùkọ kọ. Yánníbo tan fìtílà. Ìjàpá ṣì jókòó síbi tó wà, ó di ọwọ́ pọ̀ pinpin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

“Ẹ ṣí ọwọ́ yín, baálé mi.”

Ìjàpá gbé nǹkan mì kí ó tó lè dáhùn. “Ẹ kọ́kọ́ lọ pe Kọ̀ǹkọ̀ wá,” ni ó wí. “Kí ó wá ṣàlàyé ohun tó ń ké sí lóru.”